Mọ́tò Ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìlú

Òórùn bẹntiróòlù àti ti ẹja gbígbẹ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò bàbá mi wọ àgbàlá wa ní Onitsha. Ti ẹja kì í ṣe tuntun, nítorí etí odò Ọya kò jìnnà sí wa, iwájú ilé wa sì ni àwọn tó ń tà á ń gbà lọ sọ́jà. Bẹntiróòlù ni àlejò. Mo sáré jáde tòun ti kóòmù nínú irun, mo sì rí i: mọ́tò Amẹ́ríkà, aláwọ̀ ojú ọ̀run, tó gùn débi pé ìdí rẹ̀ ṣì wà ní títì nígbà tí imú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilé ìdáná. Ó ní ìyẹ́ méjì lẹ́yìn bíi ti ẹja. Bàbá mi dúró tì í, ó wọ agbádá ní Ọjọ́rú lásán.

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Àwọn òyìnbó ń palẹ̀ mọ́ ní GRA, wọ́n ń ta ohun tí wọn ò lè kó lọ. Kí bàbá mi tó ra mọ́tò yìí, méjì nínú mọ́tò wọn ni apá rẹ̀ ká: èyí, àti fóòsì kékeré kan, Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní ìjàpá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, aṣọ ló ń tà ní ọjà ńlá. Ó ní òun ń fẹ́ mọ́tò tí yóò máa kó ẹrù, tí yóò máa gbé wa lọ sílé lọ́dọọdún, tí yóò sì tọ́jọ́. Ìyá mi gbà á gbọ́, ó lọ wádìí lọ́dọ̀ aládùúgbò wa, Papa Ngozi, tó ń ta irin àti ìṣó, tó sì ti pẹ́ tó ti ń wa ìjàpá tirẹ̀. Igbo ni wọ́n ń sọ, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí Igbo yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nígbà náà ju Yorùbá lọ. Papa Ngozi ní kò síbi tí èèyàn ò ti lè rí páàtì ìjàpá rà, pé epo díẹ̀ ló ń mu. Ó ní ti mọ́tò gígùn yẹn, òun ò tíì rí ẹni tó lè tún un ṣe láti Enugu títí dé Asaba.

Bàbá mi ò bi Papa Ngozi ní nǹkan kan. Àwọn tó bi ni Bọ̀dá Làmídì àti Ọ̀gbẹ́ni Àjàó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, tí wọn ò ní ju kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n jókòó sí fàráńdà wa, wọ́n ń jẹ obì, wọ́n ń dájọ́ mọ́tò. Ọ̀kan ní fèrè rẹ̀ ń dún bíi ti gómìnà. Èkejì ní ìjókòó rẹ̀ rọ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ọ̀gbẹ́ni Àjàó ló wá sọ èyí tó pa bàbá mi: "Ṣé ààrẹ ẹgbẹ́ wa ni yóò máa rákò kiri Onitsha nínú ìjàpá?"

Ìyá mi gbọ́ ọ nínú yàrá. "Ohun tó yẹni ló yẹni," ó ní, "okùn ọrùn ò yẹ adìẹ." Kò gbóhùn sókè. Bàbá mi sì ra mọ́tò gígùn.

Orí èmi wú. Mo ń jókòó sẹ́yìn, mo ń juwọ́ sí àwọn ọmọ kíláàsì mi bí ìyàwó gómìnà. Ṣùgbọ́n kí ọyẹ́ tó dé, mọ́tò ti mọ oorun sùn. Àwa ọmọ la ń tì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ ọjọ́ ìsinmi wa, bàbá mi nìkan ló jókòó sínú, tó di sitiárìn mú gírígírí. Bọ̀dá Làmídì a gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, a sì kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà Kérésìmesì, mọ́tò wa kú sójú ibi tí mọ́tò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Asaba. Awakọ̀ lọ́rì kan bi bàbá mi ní pijin bóyá òkú wà nínú pósí tó gbé dí ọ̀nà. Ìyá mi yíjú sódò, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ló ń rín.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni Nàìjíríà dàrú. Wọ́n pa àwọn Igbo ní Òkè Ọya, àwọn tó yè ń dé sí Onitsha lọ́wọ́ òfo, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í le sí àwa àlejò. Rédíò ní kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ìlà-Oòrùn máa lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ kúrò, bàbá mi jókòó sínú mọ́tò, ó ń yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò dáhùn. Ó ní ká ní sùúrù, pé páàtì kan ń bọ̀ láti Èkó.

Ìyá mi pọn àbúrò mi. "Ẹ dúró dè é, Bàbá Bísí," ó ní. "Èmi ń kó àwọn ọmọ mi lọ."

Papa Ngozi ti gbé ìjàpá rẹ̀ dúró síta, ó ti ṣí ilẹ̀kùn. A há ara wa sínú rẹ̀. Bàbá mi ló wọlé kẹ́yìn, òrùlé tẹ fìlà mọ́ ọn lórí. Lórí afárá tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sórí odò Ọya, sójà kan bẹjú wò wá, ó bi mí ní Igbo pé ọmọ ta ni mí. Mo fi Igbo dá a lóhùn pé ọmọ ilé kejì sí ti Ngozi ni mí. Ó wo Papa Ngozi pẹ́, lẹ́yìn náà ló ní ká kọjá. Ní Asaba, bàbá mi fún Papa Ngozi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gígùn pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀. Ó gbà á. "Ije ọma," ó ní, pé ká rìnnà re, ó sì padà síbi tí ogun ti ń bọ̀.

Nígbà tí ogun parí, bàbá mi lọ wò ó. Ó ní Papa Ngozi ṣì wà láàyè. Ìjàpá rẹ̀ ló fi ń kó ìdílé rẹ̀ sá láti ìlú dé ìlú títí epo fi tán. Mọ́tò tiwa, ibi tí a fi í sí náà ló wà. Àwọn sójà tó kó gbogbo àdúgbò lẹ́rù ò fọwọ́ kàn án. Bàbá mi ò wo ojú ìyá mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá mi bu oúnjẹ fún un, kò sì sọ nǹkan kan. Èmi ì bá sọ.

Mo ti dàgbà báyìí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mọ́tò mi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi débi pé ọmọ mi ọkùnrin ní ó ń ti òun lójú lọ́dọ̀ àwọn àna òun. Ó gbé mi lọ wo tuntun. Ẹni tó ń tà á ní kí n wá fọwọ́ pa ìjókòó rẹ̀. Mo ní kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó sì sọ ẹni tó ń ta páàtì rẹ̀ fún mi. Ó ń wojú ọmọ mi. Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó ń juwọ́ lẹ́yìn mọ́tò gígùn bàbá mi, bó bá rí mi lónìí, yóò yíjú bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Kó yíjú. Mo níbi tí mò ń lọ.