Fèrèsé Ẹ̀yìn Ilé

Bí èèyàn bá fi ìka tẹ igi fèrèsé yàrá ìránṣọ náà, ńṣe ni ìka á rì wọnú rẹ̀ bí ẹni tẹ búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Tí ẹ bá wá yọ ìka yín jáde, ẹ má gbé e súnmọ́ imú o. Òórùn ibẹ̀ kì í ṣe ti igi mọ́, àní bí aṣọ ìnulẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú korobá ló ń rùn. Ikán ti jẹ férémù náà láti inú, òjò ti jẹ ẹ́ láti ìta, nǹkan dúdú kan tó ń yọ̀ sì ti hù yí ẹsẹ̀ dígí ká. Nígbà mìíràn ìdin funfun kékeré kan á yọrí nínú ihò ibẹ̀, á wo Ìyá Aránṣọ, Ìyá Aránṣọ náà á wò ó, á pòṣé, á fi ẹnu sísọ́ọ̀sì gbọ́n ọn dànù. Ibi tí obìnrin náà ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an mọ́ ládùúgbò. Ìyá Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà mọ̀ ọ́n sí, nítorí ìdí ẹ̀rọ ló ti wà láti ìgbà ọmọge. Kì í rán aṣọ fààrí. Aṣọ iṣẹ́ ló ń rán, ti àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìfowópamọ́, ti àwọn tó ń dáná nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá tó wà lójú títì ló ń bọ́ ilé rẹ̀. Aṣọ funfun báláú. Ẹ wá wo aṣọ funfun lábẹ́ fèrèsé tó ń ro omi ìdọ̀tí! Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti fẹ́ sí ẹ̀yìn ilé, omi pupa rúsúrúsú á gba inú igi jíjẹrà wọlé, á ṣàn lára ògiri, á ta sórí tábìlì. Ó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, ọ̀rá ya. Ó ki àkísà bọ ihò rẹ̀, àkísà jẹrà, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn tiẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá a yí títí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì fi kó àwọn ẹ̀wù kan padà wá. Ó na ọ̀kan síwájú bí ẹni mú òkú eku nírù.

“Màmá, ẹ wo àbààwọ́n yìí. Ẹ tún gbóòórùn ẹ̀. Ṣé inú kànga lẹ ti ń ránṣọ ni?”

“Ẹ má bínú, ọ̀gá mi. Fèrèsé ni.”

“Fèrèsé kẹ̀? Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ nígbà yẹn. Aláìsàn là ń wọ èyí lọ bá o. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ yín, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n tí irú èyí bá tún wáyé, ẹlòmíràn ni màá gbé iṣẹ́ fún.”

Ojú ti Ìyá Aránṣọ débi pé kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Kò sẹ́ni tó lè ní ìránṣọ òun kò dáa. Igi jíjẹrà lásán-làsàn ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun! Tí ti àwọn nọ́ọ̀sì bá sì lọ, kí ló kù? Bọ́tìnnì jíjá àti ṣòkòtò yíya. Ọjọ́ náà ló pinnu láti kó owó tó ti ń fi pa mọ́ díẹ̀díẹ̀ síta. Owó fèrèsé ni, kò níṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ ṣe.

Ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Háà, Alága! Awakọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì gbé ọ̀gá náà káàkiri títí ìṣe ọ̀gá fi ràn án. Nígbà kan tí alága àwọn onílé àdúgbò ń ṣàìsàn, wọ́n ní kó bá wọn jókòó síbẹ̀ ná. Ara alága gidi yá, ó gba àga rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ọkọ Ìyá Aránṣọ kò dá orúkọ padà. Bí ẹ bá kí i ní “Ẹ káàárọ̀, Bàbá,” ìdáhùn rẹ̀ kì í dé ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ kí i ní “Alága,” á béèrè gbogbo ará ilé yín.

Tọkọtaya yìí jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífèrèsé. Ọkùnrin kan tí gbogbo ara rẹ̀ ń dán ni, lọ́fíńdà rẹ̀ ti ń kíni láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Aránṣọ ló kọ́kọ́ wọlé, ó béèrè iye tí wọ́n ń ta fèrèsé alumíníọ̀mù kan tó ń ṣí. Onífèrèsé dá a lóhùn láìgbójú sókè. Alága wọlé tẹ̀lé e, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó béèrè ohun kan náà. Họ́wù! Owó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

“Ṣebí iye mìíràn lẹ pè fún mi nísinsìnyí?” Ìyá Aránṣọ ní.

“Màmá, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin àti Ọ̀gá lẹ jọ wá.”

Ọ̀rọ̀ náà rí i lára. Ó sì mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kí obìnrin ṣáà dá dúró níwájú oníṣẹ́ ilé, owó á gbéra nílẹ̀ á fò. Ìdí rèé tó fi gbà pé kí ọkọ òun máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe.

Láti ìgbà náà, Alága nìkan ni onífèrèsé ń dojú kọ. “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín. Igi rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó máa kùn ún lọ́dọọdún. Tí ẹ bá gbàgbé, ikán ò ní bá yín gbàgbé. Irin le dáadáa, owó ẹ̀ ò sì ga, àmọ́ ó máa ń dípẹtà, omi ìpẹtà yẹn á máa ṣàn sára ògiri. Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò mọ ikán, kò mọ ìpẹtà. Ṣùgbọ́n tàwọn èèyàn ńlá…” Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fọwọ́ pa férémù rọ́bà funfun kan lára bí ẹni ń rẹ ọmọ. “Èyí ni. Dígí méjì ló wà nínú ẹ̀. Aríwo ìta ò lè wọlé. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé yín á mọ̀ pé èèyàn ló ń gbé ibẹ̀.”

“Èèyàn ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀,” Ìyá Aránṣọ ní.

Ìlọ́po méjì owó alumíníọ̀mù ni owó rọ́bà náà. Férémù nìkan sì kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún o. Owó yíyọ ògbólógbòó wà níbẹ̀, owó símẹ́ǹtì tí wọ́n máa fi dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, owó hínjì, owó nẹ́ẹ̀tì, owó ọkọ̀ tó máa gbé e. Ẹ̀rín ni ọkùnrin náà fi ń kà á sílẹ̀.

“Alumíníọ̀mù la fẹ́,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó lè yé e dáadáa. “Fèrèsé yàrá iṣẹ́ mi lẹ́yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, kó sì máa ṣí. Tí owó bá ṣẹ́kù, ká wá wo ti pálọ̀.”

“O ti sọ̀rọ̀,” Alága ní. “Fi ìyókù sílẹ̀ fún mi.” Ó mi orí bó ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára rọ́bà funfun yẹn.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ wá, ilé ìwòsàn ni Ìyá Aránṣọ wà, ó ń wọn àwọn nọ́ọ̀sì tuntun fún ẹ̀wù. Ìgbà tó ń padà bọ̀, láti ìkóríta ló ti rí iwájú ilé rẹ̀. Fèrèsé pálọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta funfun, wọ́n ń dán yinrin. Alága dúró sójú títì, ó fọwọ́ bọ àpò, àwọn ará àdúgbò yí i ká, wọ́n ń kí i kú oríire, òun náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ ṣe dígí láyé.

Ìyá Aránṣọ kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gba pálọ̀ kọjá, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Igi jíjẹrà wà níbẹ̀. Àkísà wà níbẹ̀. Òórùn yẹn náà jáde wá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Bàbá ilé yìí, fèrèsé mi dà?”

Alága ti tẹ̀lé e wọlé. “Wọ́n ti ṣe fèrèsé. Àbí o ò rí i níta ni?”

“Ti ẹ̀yìn ni mò ń bi yín. Èyí tí mo torí ẹ̀ kówó sílẹ̀.”

Alága wúkọ́ tí kò ní ìdí. “Owó ò tó. Rọ́bà ni mo ní kí wọ́n fi ṣe ti iwájú. Tó bá yá, a ó wá nǹkan ṣe sí ti ẹ̀yìn.”

“Rọ́bà? Ẹnu wa kọ́ la fi sọ alumíníọ̀mù?”

“Má jẹ́ ká pariwo, jọ̀ọ́. Iwájú ilé layé ń rí. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ilé?”

Ìyá Aránṣọ wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò mọ̀ pé èèyàn lè wo ọkọ ẹni bí ẹni ń wo ẹja tó ti bàjẹ́. Ọkùnrin tí òun ń ti inú ihò yìí bọ́! Ó kó òógùn òun, ó fi ra ìkíni lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá lọ. Ìyá Aránṣọ padà sí pálọ̀ kó lè ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn tiẹ̀ fẹ́ sí i.

Ó wá ibi tí èèyàn ń dì mú, kò rí i. Ó tì í, kò mira. Ó fi gbogbo ara tì í.

“Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí eléyìí?”

“Kì í ṣí,” Alága ní, ó ń wolẹ̀.

“Ẹ ní kí ni?”

“Èyí tó ń ṣí ti wọ́n jù. Onífèrèsé ní tí a bá mú èyí tó dúró gbọn-in, owó máa ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní láti ìta, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Ẹ gbà mí o! Ìyá Aránṣọ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn létí. “Ògiri tó ń dán lẹ fi owó mi rà,” ó ní. “Ṣíọ̀!” Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ onífèrèsé lọ́jọ́ kejì, ẹnu dídùn ti tán. Ọkùnrin náà ní ohun tí wọ́n bá ti gé sí ìwọ̀n ilé ẹni, kò sí ìdápadà. Ó tún ní kó bá òun kí Ọ̀gá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni òjò ṣú. Aṣọ funfun tuntun wà lórí tábìlì, ó ti gé e, ó kù kó rán an, ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì sì ń dún lọ́kàn rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kó aṣọ náà mọ́ra, ó gbé e lọ sí pálọ̀. Ó wọ́ ẹ̀rọ tẹ̀lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ha ilẹ̀ gbàràgbàrà. Ó ti àga onítìmùtìmù Alága sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ síwájú fèrèsé tó tóbi jù, ó ta okùn láti ògiri dé ògiri, ó sì fi ẹ̀wù kọ́ ọ, èyí tó ti parí àti èyí tí kò tíì lápá.

Alága dé láti òde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kí lèyí? Nínú pálọ̀? Gbogbo èèyàn ló ń rí i láti ìta!”

“Ẹ̀yin náà lẹ ní iwájú ilé layé ń rí. Kí wọ́n kúkú rí ẹni tó sanwó ẹ̀.”

Ká sòótọ́, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. Ìyá Aránṣọ lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láìdijú kan. Ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀! Oòrùn gba dígí wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Pálọ̀ ń gbóná bí inú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ láìbọ́. Ó ní láti so tówẹ́ẹ̀lì mọ́ ọrùn kí òógùn má baà kán sórí aṣọ funfun, gbogbo ìgbà tó bá sì nù ún ló ń yọ ṣùtì ètè sí rọ́bà funfun náà. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń kí Alága kú oríire mọ́. “Ìyá Aránṣọ, ẹ kúuṣẹ́ o” ni wọ́n ń pariwo wọlé.

Alága kò lè fara da ooru náà. Ó gbé rédíò rẹ̀, ó gbé àga rẹ̀, ó ń wá ibi tí atẹ́gùn wà kiri ilé bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin. Ibì kan ṣoṣo ni fèrèsé ti ń ṣí nínú ilé yẹn. Kódà kì í tì mọ́. Ibẹ̀ ló gbé àga sí, lẹ́yìn, lábẹ́ igi jíjẹrà.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì wá kó aṣọ, òjò tún ti ṣú. Ó gbé ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ ojú rírán wò, ó gbóòórùn abíyá rẹ̀. Ìyá Aránṣọ dúró tì í.

“Ó mọ́ tónítóní,” Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì ní. “Kò rùn rárá. Mo rí i pé ẹ ti pààrọ̀ fèrèsé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Tàwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí náà máa tẹ̀lé e.”

“Ẹ ṣé, ọ̀gá mi.”

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé. Láìpẹ́, igbe ta láti ẹ̀yìn.

“Ìyá Aránṣọ! Ìyá Aránṣọ o! Omi ń wọlé! Ó ń ro sí mi lórí! Nǹkan kan tiẹ̀ ń rìn lọ́rùn mi!”

Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì yíjú padà. “Ta nìyẹn?”

“Ẹ má dá a lóhùn, ọ̀gá mi,” Ìyá Aránṣọ ní, ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ. “Ẹ̀yìn ilé ni. Ta ló ń rí ẹ̀yìn ilé?”