Ewé Tèmi, Ẹ̀bìrìpò Ìyàwó Mi

Ọdún tí wọ́n da yanrìn dí àbàtà ẹ̀yìn Lakowe ni mo tó mọ̀ pé owú tí mò ń jẹ ti kúrò ní kékeré.

Ewé eéran ni mò ń já ní àbàtà náà tà ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó, ewé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ń di mọ́ínmọ́ín. Bàbá mi ló kọ́ mi pé ọ̀bẹ ni kí n máa fi gé e, kí n má fà á tu, torí ìdí rẹ̀ ni òmíràn yóò ti yọ. Sàkírátù ìyàwó mi ló ń se ẹ̀bìrìpò: á rin kókò, á po ata àti epo mọ́ ọn, á dì í sínú ewé mi, á gbé e kaná.

Lọ́dọọdún ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Lakowe máa ń péjọ jẹ oúnjẹ àwọn baba wọn. Ìyàwó mi ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. "Ìyá Ẹ̀bìrìpò dé o!" Wọ́n á fún un lága lábẹ́ kánópì, wọ́n á bá a ya fọ́tò. Èmi tí mo ru ewé wá, ẹ̀yìn ìkòkò ni ààyè mi. Ẹnìkan tiẹ̀ bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ wa Ìyá wá?" Èmi, dírẹ́bà! Ọ̀rọ̀ náà ta mí bí agbọ́n.

Lọ́dún yẹn, ilé ti bo àbàtà, kò séwé mọ́. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Múnírù, ẹ má da ara yín láàmú. Màá fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù dì í."

"Ọ̀rá kẹ̀?"

Tó bá fi ọ̀rá sè é, tí wọ́n ṣì yìn ín, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo gun ọ̀kadà lọ sí ìhà Eleko. Omi ti dé mi lórúnkún kí n tó rí ewé nínú igbó. Mo gé e, mo sì hú díẹ̀ tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Níbi ìpéjọ náà, ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn onílẹ̀ tú ẹ̀bìrìpò tirẹ̀, ó gbé ewé símú kó tó jẹun.

"Ta ló já ewé yìí?"

Gbogbo ojú yí sí ìyàwó mi. Mo ti gbà pé òun náà ni wọ́n á tún yìn.

"Ọkọ mi ni, Ìyá. Ọ̀rá lèmi fẹ́ lò."

Ìyá wò mí. "O ṣé, ọmọ mi. Oúnjẹ àwọn baba wa nínú ọ̀rá? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Ó bá tún kọjú sí ìyàwó mi: "Ṣé ó ṣì kù níkòkò?" Ni wọ́n bá tún gbé fóònù sí i, wọ́n ń ya fọ́tò.

Mo gbin gbòǹgbò tí mo hú sí etí gọ́tà lẹ́yìn ilé wa ní Ajah, ó sì gbilẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń wá kọ́ ẹ̀bìrìpò lọ́dọ̀ ìyàwó mi, ọ̀dọ̀ mi nídìí ewé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Lánàá, ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná:

"Bàbá Múnírù, omi ti hó! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀!"

"Jẹ́ kó máa hó," ni mo fèsì. "A ò tíì débi ọ̀bẹ."