Èjìká Tí Ìyá Mi Fi Ń Mọ Ilẹ̀

Òórùn èèpo àgbọn tó ń jó lábẹ́ ẹja ni mo fi ń rántí ìlú Ọ̀jọ́ ìgbà èwe wa. Kí ìrì tó gbẹ létídò, èéfín rẹ̀ á ti wọ aṣọ àti irun wa, àwọn ará Ìbà á sì ti mọ̀ pé a ń bọ̀ kí wọ́n tó rí wa. Ìyá mi ló máa ń ru ẹja lọ sọ́jà wọn. Ìwọ tá a jọ dàgbà náà á rántí ìrìn rẹ̀: apẹ̀rẹ̀ á jókòó sórí òṣùká, ọrùn á nà, ọwọ́ á máa jù, ojú rẹ̀ kì í wo ilẹ̀ rárá.

Àìsàn kan wá dá a dùbúlẹ̀ títí. Nígbà tó dìde, agbára wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì dùn ún, ṣùgbọ́n bí kò bá fojú wá ẹsẹ̀ náà, kò mọ ibi tó wà. Sálúbàtà á bọ́ lẹ́nu ọ̀nà, á rìn dé ìdí ààrò, kò ní mọ̀. Ó wá ń rìn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ta ló sì ń ru ẹja tó ń tẹrí ba? Ohun tó ń pa á lẹ́kún nìyẹn, pé òun ò ní lè ru apẹ̀rẹ̀ òun mọ́.

Bàbá mi mú wa lọ bá nọ́ọ̀sì kan. Obìnrin náà ní kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó dijú. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí ọ̀pá ọkọ̀ tí wọ́n gún sínú ẹrẹ̀, nọ́ọ̀sì tètè gbá a mú. Ó mú un jókòó, ó di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó rọra gbé e.

“Ìyá, òkè ni àbí ìsàlẹ̀?”

“Ṣé ẹ ti gbé e ni?”

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ mi kí n máa ṣe é fún un nírọ̀lẹ́, kí n di ìka náà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ọwọ́ mi má baà sọ ìdáhùn fún un. Ó ní bó bá ti ń mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ láìwò, ó lè ru ẹrù.

Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi á jókòó sórí àpótí, á dijú, á fọwọ́ lé èjìká mi kó má baà ṣubú, èmi á kúnlẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ìyá bàbá mi tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa á ní, “Ìyàwó, ẹsẹ̀ rẹ ti ń ti àjò bọ̀.” Inú wa dùn gan-an.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá àgbà náà dá ọwọ́ dúró, ó ń wò wá.

“Ìyàwó, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára ọmọ yẹn ná.”

Ó gbé e kúrò. Mo tẹ ìka náà wálẹ̀. Ìyá mi ní, “Òkè.”

“Èjìká ọmọ yẹn tó ń lọ sókè sódò lo ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí.”

“Ìyá, mi ò mọ̀. Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ni.”

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi ò sunkún. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń ro nǹkan, lẹ́yìn náà ló fa ọwọ́ mi. “Àjọkẹ́, dìde, kọ ẹ̀yìn sí mi.” Ó dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka méjì lé èjìká mi òsì, ó dijú. Kò mì.

“Ìyá, ẹ bá mi gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn wá.”

“Òfìfo ni àbí tẹja?”

“Tẹja ni. Kí ni mo fẹ́ fi òfìfo ṣe?”

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, a gba Okokomaiko lọ sí Ìbà, igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá gun gbòǹgbò, á mọ̀. Bí mo bá sọ̀ sí kòtò, á ti dẹ ẹsẹ̀. Kò fara tì mí o, ìka méjì náà fúyẹ́ bí ewé. Nígbà tá a wọ ọjà, obìnrin kan pariwo pé, “Ìyá ẹlẹ́ja, ṣé ò ń da ọmọ bí ẹran ni?”

“Ojú ẹsẹ̀ mi ni mo jẹ́ kó ṣáájú,” ni ìyá mi dáhùn, ó sì sọ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láìsí ẹja kan tó já bọ́.

Ẹsẹ̀ yẹn ò padà bọ̀ sípò tán. Mo ń ṣíwájú rẹ̀ títí mo fi relé ọkọ, lẹ́yìn mi, àbúrò mi bọ́ síbẹ̀. Mo máa ń rò pé èmi ni mò ń mú un lọ, ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé òun náà ń kọ́ mi: ẹni tí èèyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé kì í gbé ẹsẹ̀ jù láìwo ilẹ̀. Ilé ti bo ọ̀nà náà báyìí. Síbẹ̀, níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti rí gbágungbàgun, èjìká mi òsì ṣì máa ń dúró de ọwọ́ rẹ̀.