Afárá Tí Mo Nù Kúrò

Oníférémù ni mí ní Bilbalogo, àdúgbò kan ní ìlú Ouaga. Fọ́tò ìgbéyàwó, fọ́tò òkú, ìwé ẹ̀rí, kò sí èyí tí n kì í fi dígí bò. Kí n tó bò ó, mo máa ń fi àkísà tútù nu eruku rẹ̀, torí eruku Ouaga kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì sí fọ́tò tó bá mi jà rí.

Ìyá àgbà kan ní ìjọ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló gbé àwòrán kan wá. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ọ̀dà olómi yà á: odò tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, àti afárá onígi kékeré lórí rẹ̀. Orí afárá yẹn ni ọkọ náà ti kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀, nílé, ní orílẹ̀-èdè wa. Mo fi àkísà tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, n kò rántí pé omi máa ń fọ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ kúrò. Mo gbé! Àpáta wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, àkísà mi ti kó afárá lọ.

N kò lè jókòó mọ́. Mo gun moto, alùpùpù mi, dé àdúgbò Zangouettin, mo tún gùn ún padà, n kò ra nǹkan kan. Mo gbé ọ̀dà àwọn ọmọléèwé pé kí n fi tún un yà, mo tún gbé e sílẹ̀. Ìyàwó mi ní, "Sọ òótọ́ fún Màmá." Mo jágbe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ara mi gan-an ni inú ń bí mi sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Màmá dé. Ó gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú, ó ní, "Ó ti mọ́. Barka, mo dúpẹ́." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé kò ríran dáadáa. Èṣù ní kí n dákẹ́, mo sì fẹ́ gbọ́ tirẹ̀. Ni Màmá bá ní, "Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ojú mi. Tí wọ́n bá tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, afárá yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Màmá, kò sí afárá mọ́. Èmi ni mo nù ún kúrò. Mo ṣe é bíi fọ́tò."

Ó gbé àwòrán náà lé orí tábìlì. Ó wá na ìka rẹ̀ sí mi. "Gbé e síbi tí afárá náà wà tẹ́lẹ̀."

Mo fa ìka náà láti etí odò kan dé èkejì. Ó ní kí n tún un ṣe. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ìwọ lo máa bá mi dé ọsibítù lọ́jọ́ Ajé," ó ní. "Èmi nìkan kọ́ ni mo máa wo ibi tó ṣófo yẹn."

Mo ní, "Mo gbọ́, Màmá."