Sàlímọ́tù Tó Wà Lára Ògiri ní Àpápá

Èmi ni Sàlímọ́tù. Mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nítorí pé ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí, àwọn kan wà ní Àpápá tí wọn ò gbà. Amùkòkò ní Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé, ẹja ni mò ń yan tà, Ìyá Àlíù sì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ mí sí. Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn Níyìọlá ni, ọmọ tí yàrá tiwọn àti tèmi kojú síra.

Níyìọlá ti jáde ní pólì láti bí ọdún méjì, kò ríṣẹ́. Tírélà ni bàbá rẹ̀ ń wà. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlà tírélà ní èbúté Tin Can ṣe rí. Ọkùnrin náà lè jáde láàárọ̀ Mọ́ńdè kó má wọlé títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Ìyá wọn ti kú, àwọn àbúrò sì ń wo ojú ọmọbìnrin yìí. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná mi, á máa tẹ fóònù, á máa wáṣẹ́. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn, èmi tí mi ò tilẹ̀ kàwé.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì kan ní Àpápá gbà á. Ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó ni, òkè òkun ni orí iṣẹ́ náà wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe, bó ṣe ṣàlàyé fún mi, ni pé kí àwọn tí báńkì ò kà sí náà ní àkáǹtì, kí wọ́n lè fi fóònù gbowó, kí wọ́n sì rí owó yá ṣòwò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣẹ́ kù síta, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo ní ìyẹn dáa, èló ni wọ́n ń san fún un? Ó ní owó ọkọ̀ ni, pé íńtáànì lòun, ó dà bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Mo ní ṣé wọ́n á wá ṣe fìríìdọ̀ọ̀mù fún un tó bá parí? Ó rẹ́rìn-ín, ó wá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an: àwọn méjì ni wọ́n gbà, tí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹnì kan péré ni wọ́n máa fi síṣẹ́ gidi tòun ti owó oṣù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúà mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ náà.

Ọmọ náà ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí Àpápá kí owó ọkọ̀ lè di owó gaàrí. Á máa gba àárín àwọn tírélà kọjá, bàtà ọ́fíìsì á wà nínú báàgì. Òun ló ṣí àkáǹtì orí fóònù fún mi, òun ló kọ́ mi bí mo ṣe lè mọ̀ pé owó ti wọlé láìjẹ́ pé mo bi ẹnikẹ́ni. Bí mo bá gbàgbé, á tún un ṣe, kì í jágbe mọ́ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ gbogbo obìnrin tó ń tajà ní òpópónà wa.

Lọ́jọ́ kan, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi. Ó ní ọ̀gá òun, Mádáàmù Nkechi, ń wá obìnrin kan tí wọ́n máa ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun, orúkọ mi lòun sì fún wọn. Ó ní kí n ṣáà wà bí mo ṣe máa ń wà. Mo ní kò burú. Lọ́kàn mi, mo ní ọmọdé ń ṣàánú mi ni, kò fẹ́ kí n ṣe wàhálà. Bí mo ṣe máa ń wà kẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Fọ́tò tó ń lọ sókè òkun, kí n wá ró ìró tí èéfín ti pa dà sí dúdú? Mo lọ yọ léèsì aláwọ̀ aró mi nínú àpótí, mo sá a kí òórùn káńfọ̀ lè kúrò lára rẹ̀.

Wọ́n tètè dé ju àsìkò tí wọ́n dá lọ. Ẹja wà lórí iná. Mádáàmù sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn, Kọ̀yà lorúkọ rẹ̀. Mo kí wọn, mo ní kí wọ́n jókòó, mò ń bọ̀. Ẹja orí iná ò sì ṣeé fi sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá yíjú báyìí, ó ti jóná. Mo ní kí Níyìọlá bá mi máa yí i. Ẹ̀wù funfun báláú ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo bá fún un ní ìró iṣẹ́ mi àti bùbá mi tó ti gbó kó wọ̀ lé e, mo fi ìborí mi dì í lórí kí èéfín má bàa wọ irun rẹ̀. Mo wọlé lọ múra.

Mi ò ní purọ́, mo pẹ́. Gèlè ò tètè gbọ́ tèmi. Kọ̀yà ò lè jókòó lásán, ó ń dán kámẹ́rà rẹ̀ wò, Níyìọlá ló sì ń yà: ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ síbi iná, tí omi ń dà lójú rẹ̀, tó ń fi ìka yí ẹja.

Nígbà tí mo jáde, inú mi dùn sí ara mi. Léèsì wà lára, gèlè dúró, yẹtí wúrà tí ọkọ mi rà fún mi kó tó kú wà létí mi. Kọ̀yà wo Mádáàmù. Mádáàmù rẹ́rìn-ín sí mi, ó fa Níyìọlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi òyìnbó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òyìnbó mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ aṣọ rẹ̀ tí kò ní mọ̀. Wọ́n ní kó sọ fún mi kí n lọ bọ́ ọ, kí n wọ aṣọ iṣẹ́, torí mi ò jọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Mádáàmù gbọ́ Yorùbá dáadáa, Yorùbá ni Níyìọlá sì fi dá a lóhùn. Ó wolẹ̀, ó ní, "Mà, mi ò lè sọ ìyẹn fún wọn."

Èmi ni mo wá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Mádáàmù, bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ẹ̀yin náà lọ́la, ṣé aṣọ tẹ́ ẹ fi ń fọ balùwẹ̀ lẹ máa wọ̀?" Ó ní kí n má bínú, pé mo rẹwà. Kọ̀yà yà mí dáadáa, wọ́n lọ. Mo rò pé ó tán níbẹ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà náà ń parí lọ, Níyìọlá ti ibi iṣẹ́ dé, kò kí mi tán tó fi jókòó. Ó na fóònù sí mi. Fọ́tò ńlá kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Ìró mi ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí ojú ẹni tó ró o. Mo ní, "Ìwọ kọ́ rèé?" Ó ní òun ni. Ó wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi: Sàlímọ́tù ará Ajégúnlẹ̀, ẹlẹ́ja yíyan, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí kò mọ báńkì rí kí ilé iṣẹ́ wọn tó ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì lọ́kọ.

Ó ní òun ti sọ fún Mádáàmù. Mádáàmù ní àṣìṣe ni lóòótọ́, gbogbo fọ́tò ni Kọ̀yà kó ránṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n òkè òkun ti rí i, ó wù wọ́n, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé wọn, kó fi sílẹ̀, fọ́tò lásán ni. Ó fi sílẹ̀. Kí ló fẹ́ ṣe? Iṣẹ́ ló ń wá.

Àmọ́ fọ́tò lásán náà ò fi òun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì, Mádáàmù pè é wọ yàrá. Ó ní Níyìọlá ló ṣiṣẹ́ jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń fowó ránṣẹ́ ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó ní, "Wọ́n á rí ẹ lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á tún wọlé bá ẹ lórí àga. Kí la fẹ́ sọ fún wọn?" Wọ́n mú ìkejì rẹ̀. Wọ́n fún Níyìọlá ní ìwé ẹ̀rí àti fìlà kápù tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí.

Inú bí mi kọjá sísọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ léèsì yẹn, mo we gèlè yẹn, mo fi yẹtí sí i, mo gba Àpápá lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò gùn: èmi ni Sàlímọ́tù, ẹ yọ ọmọ ọlọ́mọ kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ fún un níṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì bi mí pé ta ni kóun sọ pé ó dé. Mo ní Sàlímọ́tù ni, Sàlímọ́tù tẹ́ ẹ kọ sára ògiri. Ó wo ògiri. Ó wo léèsì mi látòkè délẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Sàlímọ́tù nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́."

Gbogbo àlàyé tí mo ṣe, kò wọ̀ ọ́ létí. Kò rí mi fín o, ó tilẹ̀ gbé àga fún mi, ó ní Mádáàmù wà ní ìpàdé. Mo jókòó títí oòrùn fi mú mi, ìpàdé ò parí. Àwọn àgbà tó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, wọn ò sọ fún mi pé ó lè yí sí báyìí.

Mo padà sílé. Níyìọlá ti bá mi dáná, ó ti to ẹja sórí nẹ́ẹ̀tì, ìró iṣẹ́ mi ló ró. Mo lọ bọ́ léèsì, mo gbé àpótí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń wáṣẹ́ títí di ìsinsìnyí, ó ń fi fóònù kọ̀wé kiri, ṣùgbọ́n àwọn àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Nítorí náà, àràárọ̀ ló ń bá mi lọ ra ẹja ní kóòdù rúùmù, àràárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ síbi èéfín. Ọwọ́ rẹ̀ ti yá. Àwọn oníbàárà ti ń pè é ní ìyá ẹlẹ́ja kékeré. Fọ́tò tó wà ní Àpápá yẹn, irọ́ ni nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kì í ṣe irọ́ mọ́.