Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fi Ayùn Kọ sí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tán. Ìyá wa kú ní ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè kan ní Sabon Gari ní Kano níbí, a sì sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Àílà ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò tíì dé. Àwa méjì péré ni Màmá bí. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí Ọ̀ffà fún ìgbéyàwó nínú ẹbí ọkọ wọn, ọ̀nà ni ìròyìn náà sì bá wọn. Wọ́n pè mí láti Kàdúná. Wọ́n ní, "Ẹ dúró dè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ojú wọn." Mo ní mo ti gbọ́.

A ò dúró. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí ní òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. Ṣùgbọ́n wákàtí mélòó náà ni? Ká ní mo la ẹnu pé ẹ jẹ́ ká sún un di Alásàrì, kò sẹ́ni tí ì bá bá mi jà. Mi ò la ẹnu. Ojú àwọn àgbà ń tì mí, ìyẹn jẹ́ ara rẹ̀. Èyí tó kù ò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀ ná: inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi. Láti kékeré, àwọn ni wọ́n ń pàṣẹ, èmi ni mò ń jẹ́ iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò ó nínú ara mi pé kí àwọn náà wá bá nǹkan tí wọ́n ti ṣe tán lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbí ẹ ò rí ìwà ìkà! Wọ́n dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin, wọ́n bá yẹ̀pẹ̀ tútù. Wọn ò pariwo. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n bọ́ sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n lọ sí ilé wọn ní Hotoro. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjì gbáko, bí mo bá kí wọn, ògiri ni wọ́n ń wò.

Àárín ìgbà yẹn ni mo ra ayùn. Mo ti fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ kan ní Bompai níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, ọwọ́ mi dilẹ̀, ọkàn mi ò sì dilẹ̀. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ni, mo rí i láàárín àwọn fáànù àti áyọ́ọ̀nù tó ti bàjẹ́. Kì í ṣe ayùn àwọn kápẹ́ńtà o. Orí tábìlì ló ń jókòó sí, iná ló ń lò, abẹ rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn bàtà, òkè-sílẹ̀ òkè-sílẹ̀ ló sì ń lọ, bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìwọ ni o máa fi ọwọ́ darí pákó sí i lẹ́nu. Àwòrán tó bá wù ọ́, ó lè bá ọ gé e: etí ewé, ìyẹ́ labalábá, orúkọ ènìyàn. Ọkùnrin Hausa tó ń ta ìrẹsì lójúkojú wa wá wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí mi ni yóò kígbe pé, "Telan katako, sannu da aiki!" Télọ̀ pákó, ẹ kú iṣẹ́. Orúkọ náà mọ́ mi lórí ní àdúgbò.

Fídíò inú fóònù ni mo fi kọ́ ọ. Labalábá tí mo kọ́kọ́ gé, ìyàwó mi gbé e yẹ̀wò, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó ní, "Dádì, etí ewúrẹ́ yìí dára o. Èkejì ẹ̀ ńkọ́?" Mo bínú, n ò bá a sọ̀rọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi rọ̀ sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé orúkọ ọmọ tuntun fún àwọn tó ń sọmọ lórúkọ, mo gé ohun ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ fún ará mọ́ṣáláṣí, mo gé òṣùpá àti ìràwọ̀ fún ilé kéwú. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ènìyàn á gbà á, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu eruku rẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń wá. Ó sì máa ń tán kí n tó délé.

Lọ́sẹ̀ kan, ìyàwó mi ti àsàlátù àwọn obìnrin dé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ híjáàbù rẹ̀ tó fi jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ kó wọn padà sí Ọ̀ffà, pátápátá, pé ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Ó ní Sátidé tó ń bọ̀ ni. Mo bi í bóyá wọ́n dárúkọ mi. Ó ní rárá. Ó wá ní, "Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ́n mọ́ o. Ẹ lọ bẹ àǹtí yín." Bíi pé n kò tíì bẹ̀ wọ́n rí! Mo ti lọ, mo ti rán ènìyàn, mo ti pe fóònù títí wọ́n fi dí nọ́ńbà mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi náà kì í ṣe ọmọdé, ọ̀nà Ọ̀ffà sì jìn. Bí wọ́n bá lọ láì bá mi sọ̀rọ̀, ó ti parí nìyẹn. Ẹ̀yìn wọn, kò sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó rántí ìyá mi nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́.

Mo wá ronú pé, ó dáa. Bó bá jẹ́ ògiri ni wọ́n fẹ́ràn láti máa wò, kí ọ̀rọ̀ mi lọ wà lára ògiri.

Mo wá pákó mádàcí kan tó pupa, tó sì dán. Ohun tí mo fẹ́ kọ sí i ò gùn: kí wọ́n má bínú sí mi. Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ rèé. Kano ni wọ́n bí mi sí, Kano ni mo ti lọ sílé ìwé. Wọ́n kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ mi ní Hausa. Yorùbá tèmi, ẹnu ni mo ní in sí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ní Ọ̀ffà ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Noman's Land. Nínú ilé tiwa, bí Màmá bá fẹ́ ká má ṣe nǹkan, wọn kì í sọ pé "má," wọ́n máa ń fà á ni: "Máà sáré nínú ilé." "Máà dá a lóhùn." Nítorí náà, mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, M, A, A. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ bébà náà mọ́ orí pákó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé e. Inú A kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kọ́kọ́ lu ihò kékeré sí i, ẹ máa tú abẹ, ẹ máa kì í bọ inú ihò, ẹ máa dè é padà, ẹ ó tó gé àárín rẹ̀ jáde. B ní ihò méjì. Abẹ mẹ́rin ló ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. NEPA mú iná lọ nígbà tí mo wà láàárín N, mo sì gbé gbogbo wọn ṣépè. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni mo fi sí ìsàlẹ̀, òun ni gbogbo lẹ́tà dúró lé. Àmì abẹ́ E, mo fún un ní ẹsẹ̀ kan kó má baà jábọ́. Àmì orí lẹ́tà ńkọ́? Kò tilẹ̀ sí lọ́kàn mi. Ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a ń kọ síra wa lórí fóònù? Ká tiẹ̀ ní mo rántí, nǹkan tó bá dá wà lókè tí kò sí igi tó so ó mọ́ra, jíjábọ́ ló máa jábọ́. Mo fi sánpépà ha á, mo fi òróró pa á, ó ń dán. Ẹ MAA BINU SI MI. Ìyàwó mi kà á, ó ní ó dára, ojú rẹ̀ sì rọ̀. Òun náà, Kano ni wọ́n bí i sí.

Òun ni mo fi rán, ní Tọ́sìdeè. Mo jókòó síwájú ilé, mo ń ka kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá. Nígbà tó dé, kò wò mí lójú.

Ó ní, "Wọ́n gbà á o. Wọ́n tú u, wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n rẹ́rìn-ín! Alihamudulilahi!"

"Dádì, ẹ dúró ná. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti gbọ́, pé bí ẹ ṣe wí gẹ́lẹ́ làwọn máa ṣe. Wọ́n ní àwọn á máa bínú."

N kò lóye. Ó tún un sọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi fi ìka tọ́ka sí A kejì fún òun, wọ́n ní bí àmì bá wà lórí rẹ̀ tó dá ohùn wálẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni. Bí kò bá sí, àṣẹ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ara mi níbi tí mo jókòó sí. Ẹ máà bínú. Ẹ máa bínú. Máà. Máa. Yéè! Mo dìde, mo gbá àpótí tí mo jókòó lé nípàá. Ọjọ́ mẹ́ta! Mo fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti ẹ̀rọ, mò ń gbẹ́ ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má dárí jì mí láéláé, mo tún fi òróró pa á kó lè dán. Ọkùnrin oní-ìrẹsì bi mí pé kí ló dé. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní Hausa. Ká sòótọ́, n ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ Jímọ̀, mo gé àmì náà. Kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Ó já bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ìgbálẹ̀ wá a nínú eruku igi. Mo wé e sínú bébà, mo mú gúlúù, mo lọ sí Hotoro fúnra mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi ní Hausa, ó ní, "Uncle, ina wuni," ó sì sá wọlé lọ di ẹrù. Àpò ló kún pálọ̀. Wọ́n ti yọ kọ́tìnnì, wọ́n ti yọ fọ́tò, ṣùgbọ́n igi tèmi wà lára ògiri, òun nìkan, lójúkojú àga ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní wọ́n gbé e kọ́! Ẹni tí kò bá fẹ́ mi ò ní gbé e kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ká ìró lórí àga. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wò mí. Èmi ni wọ́n wò, kì í ṣe ògiri.

"Kí ló gbé ọ wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ẹrù dídì. Ọ̀rọ̀ inú igi yẹn ni. Mo ṣì í kọ. Àmì kan ló kù, mo ti mú un wá, ẹ jẹ́ kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹ máà bínú ni mo ní lọ́kàn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ta ló máa jókòó gbẹ́ igi láti sọ fún ènìyàn pé kó máa bínú sí òun? Àbí orí rẹ dàrú ni? Ìgbà tí mo tú u ni mo ti mọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Bí òmùgọ̀, mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí, mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀ bí a ti ń ṣe ní kékeré. Mo tú bébà náà, mo sì ń lọ síbi ògiri.

"Máà fọwọ́ kàn án."

Mo dúró. Wọ́n gbé ìró tí wọ́n ń ká sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo pè ọ́ láti Kàdúná. Mo ní kí ẹ dúró dè mí. Ṣé ohun tí mo wí yé ọ lọ́jọ́ náà, àbí kò yé ọ?"

Mo lè purọ́. Mo lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé ariwo pọ̀ nílé.

"Ó yé mi."

"Ó yé ọ, o sì ṣe èyí tó wù ọ́. Tìẹ náà yé mi. Èyí tó wù mí ni mo kà."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo fi àyà lélẹ̀ láàárín àwọn àpò yẹn, mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú orúkọ Ọlọ́run àti orúkọ ìyá tó bí wa. Wọ́n padà sídìí ìró wọn. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ aṣọ lé aṣọ. Nígbà tó pẹ́, mo dìde fúnra mi, kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo tún lọ. Mo bá wọn gbé àpò sínú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi jáde, wọ́n dì mọ́ àwọn aládùúgbò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Hausa, Yorùbá, Ígbò, wọ́n ṣàdúrà fún wọn, àwọn náà ń sunkún. Gbogbo wa tò síbẹ̀, èmi ni mo kẹ́yìn. Wọ́n dì mọ́ ẹni tó ṣáájú mi, wọ́n nu ojú, wọ́n sì wọ mọ́tò. Mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀ fún wọn.