Kò Tíì Kan

Owó tí ọmọ-ọmọ mi fi ra ìwé kan ṣoṣo tí olùkọ́ rẹ̀ kọ ní yunifásítì lọ́sẹ̀ tó kọjá, à bá fi jẹun fún odidi sáà kan nígbà tiwa, kí ṣẹ́ńjì sì tún kù. Ibi tí mo ti ń ráhùn nínú ilé mi n'Íjẹ̀bú-Òde níbí ló ti bú sẹ́rìn-ín: "Bàbá àgbà, wọ́n ti ń tún ẹ̀kọ́ wa tò o! Ohun tí a bá lè fọwọ́ ṣe ni wọ́n máa fi dán wa wò báyìí." Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró.

Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára wa rí. Ìmọ̀ oúnjẹ là ń kọ́ ní yunifásítì, èmi sì ni ọ̀gá àkọ́sórí. Lọ́dún tó kẹ́yìn, olùkọ́ tuntun kan ní kò sí ìdánwò pépà. Àwa mẹ́fà yóò lọ yan gaàrí lọ́dọ̀ ìyá kan n'Íjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìyá náà ni yóò dájọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe kò ní gbàwé-ẹ̀rí. Mo rẹ́rìn-ín. Gaàrí lásán? Bàbá mi ti ra ewúrẹ́ ayẹyẹ sílẹ̀.

A rin gbágùúdá, a dì í sápò, a gbé òkúta lé e. Ìwé mi ní ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kẹta náà ni mo tú tèmi, mo yan án. Òjò ń rọ̀, òtútù mú, ọ̀rẹ́ mi ará Ìbefún tó máa ń gbẹ́yìn kíláàsì sì kàn ń gbóòórùn àpò tirẹ̀ láràárọ̀ ni. Àwọn àgbà ní mo-mọ̀-ọ́n-gún, mo-mọ̀-ọ́n-tẹ̀ ní í mú iyán ewùrà lẹ́mọ.

Ìyá da tèmi sómi, ó tọ́ ọ wò, ó wò mí. "Ọ̀mọ̀wé, gaàrí ará òkè lèyí. Ìjẹ̀bú wo ló máa mu ún? Kò tíì kan!"

Olùkọ́ fa ìwé rẹ̀ yọ. Mo ti ń rí òdo lójú mi. Kàkà bẹ́ẹ̀, "Kò tíì kan" gan-an ló kọ síwájú orúkọ mi. "Padà sídìí àpò. Lọ́jọ́ tó bá kan, o yege."

Mo rin òmíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ìwé sílẹ̀, mo gbára lé imú. Ìyá mu àwo kan tán, ó ní kí n bu sí i.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn aláṣẹ dá ìdánwò pépà padà. Ìdánwò àfọwọ́ṣe wá ń padà bọ̀ báyìí, lójú mi!

Nínú àwa mẹ́fà, ará Ìbefún wà láyé, obìnrin kan wà n'Íjẹ̀bú-Igbó, èmi náà wà. Olùkọ́ ti lọ. Ìyá náà ti lọ, ẹnikẹ́ni kò sì fún un ní ìwé-ẹ̀rí kankan rí.